Fọ́tò wà, ìtàn rẹ̀ ti sọnù: kí ni ká máa kọ sílẹ̀, ìgbà wo sì ni?

Ojúlarí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fọ́tò. Ìbéèrè mi kì í ṣe ti kámẹ́rà nìkan. Fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi, oríṣi mẹ́ta ni mo sì ń yà: ẹyẹ àti ẹranko, ibi tí ìrìn àjò bá gbé mi dé, àti ìgbòkègbodò ojoojúmọ́, irú bí ẹni tó ń dirun tàbí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo fẹ́ máa kọ ìtàn tó wà nídìí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń dojú rú rèé:

1. Tí oṣù méjì bá ti kọjá, ọjọ́ àti ibi tí mo ti ya fọ́tò á ti dà rú mọ́ra lórí mi. Aago inú kámẹ́rà sì tún ń parọ́.
2. Àwọn fọ́tò ẹyẹ tó ní ìtàn gidi nínú, àwọn gan-an ni kì í mọ́.
3. N kò mọ ibi tí àlàyé parí sí tí àsọdùn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí lẹ máa ń kọ sílẹ̀, ìgbà wo lẹ sì ń kọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi pẹ̀lú nọ́ńbà.

---

Akọ̀wé_Àwòrán

Ẹ jẹ́ ká ti ibi aago bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Fóònù ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún aago ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò ní irú ẹ̀. Tí ẹ bá sọdá sí ilẹ̀ tí aago wọn yàtọ̀, ti ilé ni kámẹ́rà á ṣì máa kà. Ó tún máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá sì yọ bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òmíràn á padà sí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, ẹ ó wá rí fọ́tò tó ń sọ pé wọ́n ya òun kí kámẹ́rà ọ̀hún tó dé ọwọ́ yín.

Ọgbọ́n tó ń tún un ṣe kò ju fọ́tò kan lọ. Láàárọ̀, kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ ṣí aago tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá hàn lórí fóònù, kí ẹ fi kámẹ́rà ya ojú fóònù náà. Tí ẹ bá délé, ẹ fi aago tó hàn nínú fọ́tò wé aago tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni àṣìṣe gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn. Ká ní fóònù wí pé 7:14:30, tí kámẹ́rà wí pé 6:11:10, wákàtí 1, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ni kámẹ́rà fi rẹ̀yìn. ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń kọ àṣẹ fún, tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á fi kún gbogbo fáìlì inú fódà lẹ́ẹ̀kan náà:

`exiftool "-AllDates+=1:03:20" FODA`

Ẹ fi orúkọ fódà yín rọ́pò FODA. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà ló yára, ẹ sọ += di -=. ExifTool á fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú `_original` nídìí orúkọ rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ títí ẹ ó fi yẹ fọ́tò bíi márùn-ún wò.

Nígbà tí aago bá ti tọ́, iṣẹ́ kù díẹ̀. Exif, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń kọ sínú fáìlì, ti mọ ọjọ́, ṣọ́tà (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ́ tó nínú kámẹ́rà; 1/1000 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ojú lẹ́ńsì (bó ṣe ṣí tó, nọ́ńbà tó ní f/), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga tó) àti gígùn lẹ́ńsì (nọ́ńbà tó ní mm). Kò mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kò sì mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìyẹn ni tiyín. Ẹ má fi ìwé kíkọ ni ara yín lára lójú ọ̀nà: ẹ ṣí ibi tí fóònù ti ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá ní kété tí ẹ bá yà á tán. Ibi (orúkọ ìlú, lẹ́yìn náà ohun tó wà nítòsí: afárá, odò, ibùdókọ̀). Ta ni tàbí kí ni. Kí ló ń ṣe. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kí ló tẹ̀lé e. Àti ohun kan tí fọ́tò kò lè gbà: ìró, òórùn, ooru, atẹ́gùn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kúrò lórí, òun náà sì ni òǹkàwé ń wá.

Aago ohùn náà á bá aago fọ́tò mu, torí náà kò sídìí láti máa pe nọ́ńbà fáìlì. Orúkọ tí kíkọ rẹ̀ bá le, ẹ má há a sórí: ẹ ya pátákó ibẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, tàbí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ gbọ́ ohùn yẹn, kí ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì fọ́tò, kì í ṣe sínú ìwé ọ̀tọ̀. Àyè tí wọ́n ń pè ní Description nínú IPTC, ìyẹn àwọn àyè àlàyé inú fáìlì fọ́tò, ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà fún fọ́tò, ní i, digiKam tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ní i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: tí fáìlì bá jẹ́ RAW (fọ́tò tútù bí kámẹ́rà ṣe gbà á, tí wọn kò tíì sọ di JPEG), ọ̀rọ̀ yín sábà máa ń wà nínú fáìlì kékeré kan tó parí sí `.xmp` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé RAW lọ sínú díìsìkì míì láìgbé èkejì rẹ̀, ìtàn ti dúró sílé nìyẹn. JPEG ní tirẹ̀ ń gbé e sínú ara rẹ̀.

Orúkọ fáìlì: `2025-03-16_0714_lekeleke_01.jpg`. Ọdún ló ṣáájú kí wọ́n lè tò tẹ̀ léra. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ fáìlì, torí àwọn ètò kan ń sọ ọ́ di wúruwùru; nínú Description, ẹ fi gbogbo àmì yín sí i dáadáa.

---

Arìnlẹ̀

Mo fara mọ́ Akọ̀wé, pẹ̀lú àfikún kan: ẹ má ka ohun tó wà lórí ìkànnì ayélujára sí ẹ̀dà tí ẹ fi pa mọ́. Facebook, Instagram àti WhatsApp ń fún fọ́tò mọ́ra, wọ́n sì ń gé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ dànù. Tí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì odindi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Káàdì kámẹ́rà náà, ẹ má pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ títí fọ́tò á fi wà níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lórí fọ́tò ìrìn àjò, nǹkan méjì ló ń bà á jẹ́ jù. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì ọkọ̀. Ẹ jókòó sí apá tí oòrùn kò sí. Ẹ gbé lẹ́ńsì sún mọ́ gíláàsì débi tí ó kù díẹ̀ kó kàn án, kí ẹ má jẹ́ kó kàn án, torí ọkọ̀ á gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi aṣọ dúdú yí àlàfo náà ká kí ojú yín má bàa hàn nínú gíláàsì. Ṣọ́tà 1/1000, fláàṣì pípa. Ohun tó wà lẹ́bàá títì gan-an kò ní mọ́ bó ti wù kó rí. Ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni kí ẹ máa lépa.

Èkejì ni lẹ́ńsì tó ń làágùn. Kámẹ́rà tó sùn sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí ẹ gbé jáde sínú ooru, omi á bò ó lójú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ pa kí ẹ tó jáde, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi á gbá jọ sára ọ̀rá dípò gíláàsì. Tí ó bá ti làágùn tán kí ẹ tó rántí, ẹ má nù ún léraléra, ẹ má sì yọ lẹ́ńsì nígbà yẹn, torí ọ̀rinrin á wọ inú.

---

Ẹlẹ́yẹ

Ó kù ti ẹyẹ. Kí ẹ tó dá kámẹ́rà lẹ́bi, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà dé 100%, kí ẹ wo irú àìmọ́ tó jẹ́. Mẹ́rin ló wà, oògùn wọn ò sì jọra.

Tí ẹyẹ àti ewé ẹ̀yìn rẹ̀ bá fà gùn sí apá kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Fún ọwọ́ lásán, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣọ́tà kò gbọdọ̀ kéré sí gígùn lẹ́ńsì: lẹ́ńsì 400mm, 1/400, ó kéré tán. Tí ewé ẹ̀yìn bá mọ́ kedere tí ẹyẹ kò mọ́, fókọ́ọ̀sì (ibi tí lẹ́ńsì ń mú kó mọ́ kedere) ló kọjá lọ sẹ́yìn. Ẹ lo ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kí ẹ gbé e lé ẹyinjú ẹyẹ. Tí ẹsẹ̀ àti ẹ̀ka bá mọ́ tí orí tàbí ìyẹ́ kò mọ́, ẹyẹ ló yára ju ṣọ́tà lọ. Èyí tó bà sórí ẹ̀ka láìmira: 1/500. Èyí tó ń jẹun tó ń yí orí kiri: 1/1000. Èyí tó ń fò: 1/2000, tó bá sì jẹ́ ẹyẹ kékeré, 1/3200. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí èyí tó ń tẹ̀ lé nǹkan tó ń rìn, AF-C lára Nikon àti Sony, AI Servo tàbí Servo lára Canon.

Ìkẹrin ló ń tan èèyàn jù. Gbogbo nǹkan á dà bí ohun tí a ń wò látinú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́tà wà ní 1/4000. Ooru ni. Ilẹ̀ tó ti gbóná ń rú afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè, ìyẹn sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́ńsì olówó iyebíye kò wò ó sàn. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ padà wá ní àfẹ̀mọ́jú.

Ẹ fi ISO sí Auto, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá 3200 tàbí 6400. Fọ́tò tó ṣe hóró-hóró bí iyanrìn ṣeé tún ṣe; ẹyinjú tí kò mọ́ kò ṣeé tún ṣe. Lékèélékèé nínú koríko tún ní wàhálà tirẹ̀: kámẹ́rà ń rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣókùnkùn yí i ká, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un, funfun ẹyẹ á jó dànù débi pé ẹ kò ní rí ìyẹ́ kan mọ́ lára rẹ̀. Ẹ dín exposure, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fọ́tò, kù sí -0.7 tàbí -1. Àwòdì lójú sánmà funfun: ẹ fi +1 kún un.

Lórí lékèélékèé yìí kan náà ni mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtàn. Kì í tẹ̀ lé màlúù lásán. Kòkòrò tí pátákò màlúù ń lé jáde nínú koríko ló ń ṣọ́. Torí náà, ìdí fọ́tò yẹn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ màlúù: ẹyẹ á na ọrùn, á dúró gbọnin, màlúù á gbé ẹsẹ̀, tata á fò, ẹnu ẹyẹ á ti balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ fọ́tò títí tó fi gé màlúù kúrò ti gé ìtàn kúrò. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tó gbòòrò tí ibẹ̀ hàn nínú rẹ̀, kí ẹ tó sún mọ́ ojú àti àgógó. Ẹyẹ lè fò kí ẹ tó rántí.

Ẹ̀gà náà dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ohun tó ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Òrùka koríko kan ló ń kọ́kọ́ so mọ́ ẹ̀ka, á dúró sínú òrùka yẹn, á wá máa hun yòókù yí ara rẹ̀ ká débi tí àgógó rẹ̀ dé. Tó bá parí, á rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ láti pe abo wá wò ó. Èyí tí abo kankan kò gbà, akọ fúnra rẹ̀ lè tú u palẹ̀. Fọ́tò mẹ́rin ni: òrùka, híhun ìtẹ́, ìpè, àti abo lẹ́nu ọ̀nà tàbí koríko tó ń já bọ́. Tó bá jẹ́ ìkẹta nìkan lẹ ní, ẹ kọ ohun tó wà nínú ìkẹta. Ẹ má sọ pé abo gbà á.

Ohun tí n kò ní yéé sọ: tí ẹyẹ bá gbé oúnjẹ sẹ́nu tí kò wọ inú ìtẹ́, tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka tó sì ń ké, ẹ̀yin lẹ dí i lọ́nà. Ẹ padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ewé tó bo ìtẹ́ kúrò, torí ewé yẹn ló ń gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti àwòdì.

---

Ojúlarí

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹlẹ́yẹ, ṣé ó yẹ kí n kọ ibi tí ìtẹ́ wà gan-an? Torí Akọ̀wé ní kí n kọ ibi.

---

Ẹlẹ́yẹ

Ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀dà tiyín, kí ẹ yọ ọ́ nínú èyí tí gbogbo ayé máa rí. Ìtẹ́, òwìwí tó ń sùn, ẹranko tí wọ́n ń pa tìtorí ìwo tàbí eyín rẹ̀: fún àwọn yìí, orúkọ ẹkùn tó. GPS fóònù ń kọ ibẹ̀ sínú fáìlì láìbéèrè, torí náà ẹ yọ ọ́ nínú ẹ̀dà kí ẹ tó gbé e jáde:

`exiftool -gps:all= foto.jpg`

Tó bá jẹ́ iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń jọ dá ẹyẹ àti ẹranko mọ̀, lẹ ń gbé e sí, ẹ yan Obscured, tó ń fi ibi gan-an pa mọ́. Àmì ibi tí ẹ ti yà á á bọ́ síbì kan lásán nínú àpótí tó jẹ́ ìwọ̀n 0.2 dígírì ní gígùn àti ní ìbú, bíi kìlómítà 22 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lágbedeméjì ayé. Kí wọ́n lè bá yín dá ẹyẹ náà mọ̀, ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn, ikùn, àgógó àti ẹsẹ̀ sí i. Fọ́tò kan tó rẹwà kì í tó.

---

Títì_Lójúmọmọ

Ẹ kò tíì dáhùn ti ìgbòkègbodò ojoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ẹ bi í bóyá ẹ lè yà á, kí ẹ sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Ọmọdé: òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń dáhùn, ẹ má sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ilé ìwé rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti gbàṣẹ, èèyàn á dúró ṣánṣán, á máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹ ya ìyẹn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kí ẹ wá dúró. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, iṣẹ́ á gbà á lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ti ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tí ẹ fẹnu bà. Ojú rẹ̀ kọ́ ni ìtàn náà wà. Ó yọ túùbù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka. Lójijì, ìfófòó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ jáde níbì kan: ihò nìyẹn. Á fi ìka dí i kó má bàa sọ ọ́ nù, á nù ún gbẹ, á sàmì sí i, á fi sáńpépà ha á, á fi gọ́ọ̀mù ra á, á sì dúró. Dídúró yẹn ṣe pàtàkì, torí tí gọ́ọ̀mù kò bá tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn á ṣí. Ẹni tí kò béèrè á kọ pé “ó ń sinmi”. Kò sinmi rárá.

Ẹ súnmọ́ abọ́ omi náà. Ìfófòó: 1/500 kó má bàa di ìlà. Ojú lẹ́ńsì f/5.6 á jẹ́ kí ìka àti omi mọ́ pọ̀. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá ti ẹ̀yìn yín wá, òjìji yín á bọ́ sínú abọ́. Ẹ wá bi í léèrè ohun mẹ́ta: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, kí ló ń pe ohun èlò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló le jù nínú iṣẹ́ náà.

Àlàyé tí kò dára: “Akíkanjú ọkùnrin tó ń jà fún ọjọ́ ọ̀la rẹ̀.” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Èyí tó dára: “Ó ń yí túùbù nínú omi láti wá ihò. Ìfófòó tó wà lẹ́bàá àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi hàn án. Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n máa lẹ túùbù yìí. Àmì méjì àkọ́kọ́ wà lápá òsì.” Gbólóhùn kan fún ohun tó ń lọ, ìkejì ń darí ojú síbi tó yẹ, ìkẹta àti ìkẹrin sọ ohun tí èèyàn kò ní mọ̀ tí a kò bá sọ fún un. Ẹ má kọ “ọkùnrin kan wà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́”. Àwa náà ń ríran.

---

Akọ̀wé_Àwòrán

Àsọdùn ló kù. Òfin mi kò gùn: ẹ lè gé etí fọ́tò, ẹ lè tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe, ẹ má fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ ẹranko inú ọgbà, tàbí ẹ fi oúnjẹ tàn án wá, tàbí fọ́tò méjì lẹ pa pọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba.

Ìdíje Wildlife Photographer of the Year tí Natural History Museum ní London ń ṣe ti gba ẹ̀bùn padà lórí irú èyí. Fọ́tò ìkookò tó ń fo géètì ló gba ẹ̀bùn ńlá lọ́dún 2009. Lọ́dún 2010, àwọn adájọ́ yọ ọ́ torí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkookò tí èèyàn ti kọ́. Lọ́dún 2018, wọ́n tún yọ ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn lọ́dún 2017, fọ́tò ẹranko tó ń jẹ ikán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán lóru, torí àwọn ògbógi sọ pé òkú ẹranko tí wọ́n ti gbẹ tí wọ́n sì kì ni. Àwọn tó yà wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tàbí fókọ́ọ̀sì ló fa á. Ohun tí wọ́n sọ pé fọ́tò náà jẹ́ ni.

---

Ẹlẹ́yẹ

Ibi kan tí èrò mi ti yàtọ̀ sí ti Akọ̀wé: ohun tí à ń yọ kúrò náà ń parọ́. Ẹyẹ dúró, ọ̀rá wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á pa ọ̀rá rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí ó lè dùn ún wò. Ọ̀rá yẹn wà níbi tí ẹyẹ ń gbé.

---

Akọ̀wé_Àwòrán

Mo gbà fún yín. Ẹ̀ka tó kọjá lójú ẹyẹ ńkọ́?

---

Ẹlẹ́yẹ

Ẹ sún ẹsẹ̀ kan sí òsì kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

---

Ojúlarí

Èyí tó kẹ́yìn: àwọn fọ́tò àtijọ́ tí n kò kọ nǹkan kan sí ńkọ́?

---

Akọ̀wé_Àwòrán

Ẹ tò wọ́n bí nọ́ńbà fáìlì ṣe tẹ̀ léra, kì í ṣe bí aago. Ẹ wá èyí tí ọjọ́ rẹ̀ dájú nínú wọn: ọjọ́ ìbí, tíkẹ́ẹ̀tì, pátákó tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. Àwọn tó wà láàárín méjì tó dájú kò lè ṣáájú ti ìṣáájú, wọn kò sì lè pẹ́ ju ti ìkẹyìn lọ. Òjìji á sọ bóyá òwúrọ̀, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ fi han ẹni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ èrò tiyín kó tó sọ tirẹ̀, torí á gbà fún yín. Èyí tó bá kù, ẹ kọ “láàárín 2018 sí 2019, oṣù kò dájú” sínú Description, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó bá yín rántí rẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá ń ka á lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ẹni tó máa bi.